Ẹ̀yìn Ilé Mi, Ojú Ilé Rẹ: Ilé Ìbejì Alexander Thomson ní Glasgow

 

Ilé kan ló gbé mi wá síwájú yín lónìí. Ká sọ ọ́ bó ṣe yẹ, ilé méjì ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á búra pé ẹyọ kan ni. Ó wà ní Mansionhouse Road, ní àdúgbò Langside, ní apá gúúsù ìlú Glasgow lórílẹ̀-èdè Scotland. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 25 àti 25A. Láàrin ọdún 1856 sí 1857 ni wọ́n kọ́ ọ, nígbà tí Ọbabìnrin Victoria ti lo nǹkan bí ogún ọdún lórí oyè. Ọkùnrin tó ya àwòrán rẹ̀ ń jẹ́ Alexander Thomson. Àwọn ará ìlú rẹ̀ fún un ní ìnagijẹ, wọ́n ń pè é ní Greek Thomson, nítorí ìfẹ́ tó ní sí ọ̀nà ìkọ́lé àwọn ará Gíríìsì àtijọ́. Double Villa ni orúkọ tí wọ́n mọ ilé náà sí.

Ẹ dúró níwájú rẹ̀ ná. Ilé òkúta kan lẹ ó rí, tí òrùlé rẹ̀ na etí jáde, tí ọ̀wọ́ òpó òkúta tò síwájú fèrèsé rẹ̀. Apá ọ̀tún rẹ̀ kò jọ apá òsì, síbẹ̀ ojú kò rí ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Ilé ẹnìkan tó rí jájẹ ni ẹ ó pè é. Ẹ wá rìn yí i ká, kí ẹ dé ẹ̀yìn, níbi tí a ti máa ń bá páìpù omi ìdọ̀tí, fèrèsé ilé ìdáná àti okùn ìsáṣọ. Ẹ ò ní bá ẹ̀yìn kankan níbẹ̀. Ilé tí ẹ ti rí níwájú lẹ ó tún bá, bó ṣe rí gẹ́lẹ́: ilẹ̀kùn kan náà, òpó kan náà, etí òrùlé kan náà. Ibẹ̀ ni yóò ti yé yín pé ilé méjì ni, àti pé ojú tí ọ̀kan kọ, èkejì kọ òdìkejì rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ilé yìí kò ju gbólóhùn kan lọ, gbogbo ìyókù àlàyé ni: Thomson kọ́ ilé méjì lọ́nà tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn ilé ẹnìkan ni ojú ilé ẹnì kejì, kò sì sí ẹni tó lè fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ààtàn láìba ojú aládùúgbò rẹ̀ jẹ́.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé wa, ẹ jẹ́ ká wo irú ilé tí Thomson bá nílẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní semi-detached, àwọn tó ń kọ́lé tà l'Ékòó sì ti sọ orúkọ náà di ohun tí a ń gbọ́ lójoojúmọ́. Èmi ó máa pè é ní ilé ìbejì, nítorí ilé méjì tó jọra ni, tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ kan lẹ̀ mọ́ra. Ògiri tó wà láàrin wọn, àjọni ni. Táíwò kò lè wó o, Kẹ́hìndé kò lè dá a lù, àfi kí àwọn méjèèjì jọ sọ ọ́.

Ògiri àjọni yìí ní èrè tirẹ̀. Òkúta tàbí bíríkì tí à bá fi mọ ògiri méjì, ọ̀kan la fi mọ. Ilẹ̀ tí à bá fi sílẹ̀ láàrin ilé kan sí èkejì, a ti rí i lò fún nǹkan mìíràn. Ní ìlú òtútù, èrè kẹta tún wà: ooru iná tí ẹbí kan dá kò rí ọ̀nà sá lọ ní ẹ̀gbẹ́ yẹn, ọ̀dọ̀ aládùúgbò ló ń lọ. Ṣùgbọ́n èrè tó wu àwọn ènìyàn jù ni ti iyì. Ní ìlú ńláńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé tí a tò lẹ̀ mọ́ra bí eyín ni ọ̀pọ̀ ń gbé, ogún ilé tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìlà kan. Iwájú àti ẹ̀yìn nìkan ni afẹ́fẹ́ ti lè wọlé síbẹ̀. Olówó gidi ló ń dá ilé tirẹ̀ kọ́ sáàrin ọgbà. Ilé ìbejì wá bọ́ sáàrin àwọn méjèèjì. Akọ̀wé ilé ìfowópamọ́, oníṣòwò tó ń gòkè bọ̀, dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé orúkọ rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, gbogbo wọn ló lè ní ọgbà níwájú àti lẹ́yìn, kí fèrèsé sì wà ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta.

Èrò náà ti wà ṣáájú Victoria. Àwòrán ilẹ̀ kan wà láti ọdún 1794, tí wọ́n yà fún ilẹ̀ ìdílé Eyre ní St John's Wood ní London, tó ti fi ilé méjì-méjì hàn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni John Claudius Loudon, ọmọ Scotland bíi ti Thomson, tí wọ́n bí ní ọdún 1783 sí Cambuslang, tí kò jìnnà sí Glasgow. Onímọ̀ ọgbà ni, ó sì tún jẹ́ òǹkọ̀wé tí ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi. Ní ọdún 1823 ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ìbejì kan sí Porchester Terrace ní Bayswater, London. Òun gbé ọ̀kan, ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀ gbé èkejì. Loudon fẹ́ kí ẹni tó ń kọjá lọ rò pé ilé olówó kan ṣoṣo ni. Ó gbé ilẹ̀kùn méjèèjì lọ sí ẹ̀gbẹ́, ó sì kọ́ ilé gíláàsì olórí róbótó fún àwọn ewéko sí àárín gbùngbùn iwájú, níbi tí ìpàdé ilé méjèèjì ìbá ti hàn. Ilé náà ṣì wà ní nọ́ńbà 3 àti 5 títí dòní.

Mo bọ̀wọ̀ fún Loudon gidigidi. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tó ṣe: ó fi ewé bo ojú àpá. Àwọn akọ́lé tó tẹ̀ lé e kò tilẹ̀ fi nǹkan bò ó. Wọ́n á ya àwòrán ilé kan, wọ́n á yí i padà bí ìgbà tí jígí bá yí ojú wa padà, wọ́n á so méjèèjì pọ̀, iṣẹ́ parí. Àtẹ̀gùn kọjú sí àtẹ̀gùn, ihò èéfín sún mọ́ ihò èéfín. Iwájú rẹ̀, tó kọjú sí títì, ni wọ́n ń fi òkúta dídára ṣe. Ẹ̀yìn rẹ̀, bó bá ṣe wù kó rí ni kó rí. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú irin kọjá lẹ́yìn irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ìlú èyíkéyìí ní Britain á mọ ohun tí mò ń sọ: bíríkì lásán, páìpù tó wọ́ kiri ara ògiri, ilé kótópó tí wọ́n so mọ́ ìdí ilé.

Ibi tí Glasgow wà nígbà náà ló yẹ ká dé báyìí. Ní ọdún 1801, nǹkan bí 77,000 ènìyàn ló ń gbé ìlú náà. Nígbà tó fi máa di 1851, wọ́n ti lé ní 300,000. Òwú, irin, èédú àti ọkọ̀ ojú omi ló kó wọn wá. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì olókùúta tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń lo àtẹ̀gùn kan ni wọ́n ń gbé, àti olówó àti tálákà, àmọ́ tí olówó fẹ̀ ju ti tálákà lọ. Èéfín èédú sọ òkúta funfun di dúdú. Omi kò dára. Àrùn onígbáméjì wọ ìlú náà léraléra, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ọdún 1859 ni Ọbabìnrin Victoria ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣí omi Loch Katrine, tí wọ́n fà wá láti orí òkè, kí ará ìlú tó máa mu omi tó mọ́.

Láàrin ọdún 1854 sí 1857, ikú mú ju ẹyọ kan lọ nínú àwọn ọmọ Thomson. Àkókò yẹn náà ló ń ya àwòrán ilé tí à ń sọ yìí, ní Langside, lórí ilẹ̀ gíga tó ṣì jẹ́ oko nígbà náà, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ fàlàlà. Èmi kò lè ka ilé náà láìrántí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Ẹni tó ti sin ọmọ ní ìlú tí afẹ́fẹ́ àti omi rẹ̀ kò dára kò ní fi fèrèsé ṣeré.

Ta tilẹ̀ ni ọkùnrin yìí? Wọ́n bí i ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 1817 ní Balfron, abúlé kan ní àríwá Glasgow. Òun ni ọmọ kẹtàdínlógún nínú ogún ọmọ tí bàbá rẹ̀ bí. Bàbá náà kú nígbà tí Alexander wà ní kékeré, wọ́n sì kó wá sí Glasgow. Ọ́fíìsì lọ́yà ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ayàwòrán ilé kan rí bó ṣe ń ya nǹkan, tó sì gbà á sí ẹnu iṣẹ́. Ní ọdún 1847 ó fẹ́ Jane Nicholson, ọmọ-ọmọ Peter Nicholson tó kọ ìwé tí gbogbo kápẹ́ńtà àti akọ́lé Britain ń lò. Lọ́jọ́ kan náà, arábìnrin Jane fẹ́ John Baird, ayàwòrán ilé bíi ti Thomson, àwọn àna méjèèjì sì jọ dá ọ́fíìsì sílẹ̀. Nígbà tó yá, Alexander bá àbúrò rẹ̀ George ṣiṣẹ́. George yìí ló fi ọ́fíìsì sílẹ̀ ní ọdún 1871, tó wá sí Cameroon, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ wa níbí, gẹ́gẹ́ bí òjíṣẹ́ ìhìnrere. Ilẹ̀ Cameroon náà ló sì kú sí. Alexander fúnra rẹ̀ jẹ́ alàgbà nínú ìjọ United Presbyterian, ìjọ kan náà tó ní ibùdó ìhìnrere ní Calabar. Orúkọ Nàìjíríà kò tíì sí nígbà yẹn, ṣùgbọ́n Thomson á ti gbọ́ nípa etíkun wa ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

Òun tí wọ́n ń pè ní Greek yìí kò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Gíríìsì rí. Kò dé Íjíbítì. Inú ìwé àti àwòrán ló ti rí gbogbo òpó àti tẹ́ńpìlì tó fẹ́ràn. Mo rò pé ìyẹn ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó dé ibẹ̀ á fẹ́ ṣe àdàkọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Thomson kò rí nǹkan kan tó lè dà kọ, ìlànà tó wà lẹ́yìn ilé wọ̀nyẹn ló mú: ìlà gbọọrọ tó tẹ́jú, òpó tó ń tò tẹ̀ lé ara wọn, òjìji tó ń sùn sáàrin òkúta. Àwọn ìlànà wọ̀nyẹn ló fi kọ́ ilé fún oníṣòwò Glasgow, lábẹ́ òjò Glasgow.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí Langside, níbi tó ti dá àrà lórí ilé ìbejì. Ẹ rántí ọpọ́n ayò. Ihò mẹ́fà wà níwájú mi, mẹ́fà wà níwájú ẹni tí a jọ ń ta. Ilé là ń pe àwọn ihò náà, orúkọ yẹn sì ṣe rẹ́gí lónìí. Ilé tó gbẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún mi, ilé ọwọ́ òsì ẹni tó jókòó sí òdìkejì ló dojú kọ. Bí ẹ bá ń wá ilé ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀, igun tó jìnnà jù sí tèmi ni ẹ ó wò. Nínú àwa méjèèjì, kò sí ẹni tó wà lẹ́yìn. Ẹ gbé ọpọ́n náà, kí ẹ yí i po títí ẹ̀gbẹ́ mi á fi bọ́ sí ibi tí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ wà. Kò sí ohun tó yí padà. Bí Thomson ṣe to ilé méjèèjì nìyẹn.

Bí ọ̀rọ̀ ayò kò bá yé àwọn ọ̀dọ́ wa, ẹ fi ọwọ́ yín wò ó. Ẹ pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ bí ẹni ń gbàdúrà. Àtàǹpàkò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò, ìka kéékèèké wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka kéékèèké, ọwọ́ kan jẹ́ àwòrán èkejì nínú jígí. Ilé ìbejì tí gbogbo ayé ń kọ́ nìyẹn. Ẹ wá bọ ẹni tó jókòó tì yín lọ́wọ́. Ọwọ́ ọ̀tún méjì ni. Kò sí jígí níbẹ̀. Ọwọ́ kan náà ni, ọ̀kan nawọ́ síhìn-ín, èkejì nawọ́ sọ́hùn-ún, wọ́n wá di ara wọn mú. Double Villa nìyẹn.

Ẹ wo ohun tí bíbọwọ́ yìí fa lára ògiri ìta. Ní ìhà kan ilé náà, ìdajì ohun tí ẹ̀ ń rí jẹ́ iwájú ilé àkọ́kọ́, ìdajì yòókù jẹ́ ẹ̀yìn ilé kejì. Ní ìhà òdìkejì, bẹ́ẹ̀ náà ni, kìkì pé wọ́n pààrọ̀ ipò. Nítorí náà, ẹ̀yìn ilé kejì ní láti dára tó kó lè jókòó ti iwájú ilé àkọ́kọ́ láìtì í lójú. Fèrèsé kan tó ń fún ẹbí kan ní ìmọ́lẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn jẹ́ ara ojú tí ẹbí kejì ń fi han àlejò. Ìdí nìyí tí apá ọ̀tún àti òsì fi yàtọ̀, tí ilé náà fi dà bí ilé ńlá kan tí a fara balẹ̀ ṣètò yàrá rẹ̀ bí ìlò wọn ṣe rí. Loudon fi ọgbọ́n bo àṣírí pé ilé méjì ni. Thomson kò ní àṣírí kankan tí ó ní láti bò, nítorí ètò ilé fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ di ọ̀kan.

Mo ti bá àwọn ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ ayàwòrán ilé jiyàn lórí èyí. Wọ́n ní àrà lásán ni. Ìdáhùn mi ni pé kí wọ́n wo ohun tó gbà á ní òkúta. Ẹ̀yìn ilé tí ẹlòmíràn ìbá fi bíríkì tó pọ́kú lọ́wọ́ mọ, Thomson ní láti fi òkúta yanrìn gbígbẹ́ mọ ọ́ yí ká. Ẹni tó bá ń dá àrà lásán á wá ọ̀nà tí owó fi máa dínkù.

Òrùlé rẹ̀ kò ga ṣóńṣó bí ti ọ̀pọ̀ ilé ìgbà Victoria. Ó rọra dà sílẹ̀ ni, etí rẹ̀ sì yọ jáde kọjá ògiri dáadáa. Ní Glasgow tí òjò ti ń rọ̀ nígbà gbogbo, ìyẹn ń gba omi kúrò lára òkúta. Ó tún ń ṣe nǹkan mìíràn: ó ń da òjìji sórí ògiri, kí ilé lè dà bí ẹni tó dé fìlà dáadáa. Frank Lloyd Wright, ọmọ Amẹ́ríkà tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí ilé olórùlé pẹlẹbẹ tí etí rẹ̀ nà jáde, ọdún 1867 ni wọ́n bí i, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí wọ́n parí ilé yìí. Èmi kò sọ pé ó rí i. Ohun tí mò ń sọ ni pé Thomson ti dé ibẹ̀ ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ gíláàsì ni mo fẹ́ràn jù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe fèrèsé nínú ilé òkúta láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé wọ́n á gbẹ́ ojú ilà sára òkúta, wọ́n á ki férémù igi bọ̀ ọ́, gíláàsì á wá jókòó sínú férémù. Òkúta àti gíláàsì á di ohun kan náà, ihò lára ògiri ni fèrèsé máa ń jẹ́. Thomson ya wọ́n sọ́tọ̀. Ó to òpó òkúta síwájú, kí wọ́n gbé ẹrù òkè. Lẹ́yìn òpó wọ̀nyẹn ló wá ta férémù igi àti gíláàsì bí ẹni ta aṣọ ìkélé, láìjẹ́ kí wọ́n wọnú òkúta. Òpó ń ṣe iṣẹ́ òpó, gíláàsì ń ṣe iṣẹ́ gíláàsì. Láti ìta, ẹ̀ ń rí òpó tó dá dúró tí òkùnkùn sì wà lẹ́yìn wọn, bíi ti tẹ́ńpìlì. Láti inú pálọ̀, ìmọ́lẹ̀ tó nà gbọọrọ lẹ̀ ń rí. Ní Holmwood, ilé tó kọ́ fún James Couper oníṣòwò bébà ní Cathcart láàrin ọdún 1857 sí 1858, ó gbé èrò yìí dé góńgó: pálọ̀ ibẹ̀ yọ síta ní róbótó, òpó yí i ká, gíláàsì sì wà lẹ́yìn òpó.

Ẹ rántí pé ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìgbà náà, ṣàṣà ni ẹni tó lè ronú irú fèrèsé bẹ́ẹ̀. Ìjọba ń gba owó orí lórí gíláàsì títí di ọdún 1845. Wọ́n tún ń ka iye fèrèsé tó wà lára ilé, wọ́n sì ń gba owó lé e lórí, títí di ọdún 1851. Láti ìgbà ayé àwọn bàbá-ńlá wọn ni àwọn ènìyàn ti ń fi òkúta dí fèrèsé pa kí wọ́n má bàa san owó ìmọ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn owó orí méjèèjì lọ tán, tí ilé iṣẹ́ sì ń ṣe gíláàsì ńlá jáde, tí ojú irin ń gbé síléètì òrùlé láti ìlú dé ìlú, ni ilé bíi ti Langside tó ṣeé ṣe. A máa ń yin ayàwòrán, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n òfin náà ya àwòrán tirẹ̀ sára ògiri.

Ẹ má ṣe rò pé mo ní ilé yìí kò lábùkù. Ọpọ́n ayò kò ní títì níwájú, ilé ní. Nínú ilé méjì tó kọ òdìkejì ara wọn, dandan ni kí àlejò ọ̀kan rìn jù àlejò èkejì lọ kó tó kan ilẹ̀kùn. Bí ojú ọ̀kan bá sì gba oòrùn àárọ̀, èkejì á dúró di ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ àṣírí ilé tún wà níbẹ̀: yàrá ẹ̀yìn tèmi ń wo ọgbà iwájú tìrẹ. Ilé tó rí báyìí ń béèrè pé kí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ máa kí ara wọn. Bí ìjà bá dé, kò sí ẹ̀yìn tí ẹnikẹ́ni lè sá sí. Ó lè jẹ́ ìdí nìyẹn tí ìran akọ́lé tó tẹ̀ lé e kò fi sọ ọ́ di àṣà. Jígí rọrùn jù.

Síbẹ̀ Thomson fẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé Blackie ní Glasgow gbé ìwé ńlá kan jáde ní ọdún 1868, tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ *Villa and Cottage Architecture*, Double Villa wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán àti ètò yàrá, kí akọ́lé ní ìlú èyíkéyìí lè rí i kó sì gbìyànjú rẹ̀. Òun alára kò gbé irú rẹ̀. Láti ọdún 1861 ni ó ti ń gbé Moray Place ní Strathbungo, nọ́ńbà 1, nínú ọ̀wọ́ ilé tí òun fúnra rẹ̀ yà. Ibẹ̀ ló kú sí ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1875. Ọdún tó ṣáájú ikú rẹ̀ ló sọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìta gbangba lórí ọnà àti ilé kíkọ́ ní Glasgow, irú èyí tí a pé jọ fún yìí.

Lẹ́yìn tó kú, wọ́n dá ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀, láti máa rán ọ̀dọ́ ayàwòrán lọ sí òkè òkun. Ọ̀dọ́ tó gbà á ní ọdún 1890 ni Charles Rennie Mackintosh, tó di gbajúmọ̀ ayàwòrán ilé lẹ́yìn náà, ó sì fi owó náà lọ sí Ítálì. Orúkọ ẹni tí kò kúrò nílé ló rán Mackintosh lọ wo ayé. Lónìí, ẹni mẹ́wàá tó mọ Mackintosh, bóyá ni ẹni kan nínú wọn á mọ Thomson, ìyẹn sì dùn mí.

Ohun tó dùn mí jù ni bí ìlú rẹ̀ ṣe tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀. Bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì run ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní Queen's Park ní ọdún 1943. Iná jó ti Caledonia Road ní ọdún 1965, ògiri rẹ̀ àti ilé-ìṣọ́ rẹ̀ nìkan ló dúró láìlórùlé. Egyptian Halls, ilé ìtajà ńlá tó kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin ní àárín ìlú, ti wà lẹ́yìn irin àkàbà àti aṣọ ìbòjú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Sàréè rẹ̀ pàápàá kò ní àmì títí tó fi lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nínú gbogbo èyí, ilé ìbejì Langside wà láàyè, ẹbí sì ń gbé inú rẹ̀. Ìjọba Scotland ti kọ orúkọ rẹ̀ sí ìpele A, ìpele tó ga jù lọ fún ilé tí òfin ń dáàbò bò. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Lára ilé mìíràn, bí onílé kan bá yọ fèrèsé àtijọ́, tó fi oníke sí i, ilé tirẹ̀ nìkan ló bàjẹ́. Níhìn-ín, fèrèsé ẹ̀yìn kan ṣoṣo tí ẹbí kan bá yọ dànù, ojú ilé ẹbí kejì ló fọ́ sí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ya àwòrán ilé, ọ̀pọ̀ nínú yín ni wọ́n á ní kẹ́ ẹ ya ilé ìbejì kó tó pé ọdún márùn-ún tẹ́ ẹ jáde. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì tó ń yí àwòrán padà bíi jígí lórí kọ̀ǹpútà, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú láti yí i po lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wo ibi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń bọ́ sí. Ẹ wo ohun tí ìyàwó ilé kejì á máa rí nígbà tó bá ṣí fèrèsé rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí jígí borí lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kó jẹ́ pé ẹ yàn án.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ní ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n ní Glasgow, nígbà tí ẹ bá lọ kí wọn, ẹ ní kí wọ́n mú yín dé Mansionhouse Road. Ilé àwọn ènìyàn ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ ọgbà wọn láìgbàṣẹ. Bí ẹ bá fẹ́ wọ inú ilé tí Thomson kọ́, Holmwood ni kẹ́ ẹ lọ. Àjọ National Trust for Scotland ló ni í láti ọdún 1994, wọ́n sì máa ń ṣí i sílẹ̀ fún ará ìta.